Omi táńkì ẹja tó ń bu ara rẹ̀ kún

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin elẹ́ja. Ọyẹ́ ti dé, omi inú gíláàsì tẹ́ ẹ fi ń sin ẹja á ti máa fà. Èmi kì í fọwọ́ bu omi kún tèmi mọ́.

Mo ra bọ́ọ̀lù tí àwọn púlọ́ńbà ń fi sí táńkì omi, èyí tó kéré jù. Oníke ni kẹ́ ẹ rà o, kì í ṣe onídẹ, torí bàbà inú idẹ lè pa edé àti ìgbín. Mo so ó mọ́ etí táńkì, mo lu ihò sídìí kẹ́ẹ̀gì omi kan, mo fi rọ́bà tí omi ń gbà kọjá so kẹ́ẹ̀gì mọ́ bọ́ọ̀lù, mo wá gbé kẹ́ẹ̀gì náà sókè ju táńkì lọ. Tómi bá fà, bọ́ọ̀lù á wálẹ̀, omi á wọlé. Tó bá kún, bọ́ọ̀lù á gbéra, á dí ojú ibi tómi ń gbà wọlé. Kò lo iná rárá.

Ẹ má ṣe lo kẹ́ẹ̀gì lítà 25 bíi tèmi ṣá! Ìgbín kékeré kan há mọ́ apá bọ́ọ̀lù, kò jẹ́ kó gbéra. Kílẹ̀ tó mọ́, kápẹ́ẹ̀tì ìyàwó mi ti di odò. Lítà 5 ni mò ń lò báyìí, torí àyè tó ṣófo lókè táńkì mi gbà á tán tó bá dà.

Ẹni tó ń sin ẹja inú òkun, omi lásán ni kó fi sí kẹ́ẹ̀gì. Omi nìkan ló ń fà, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ẹ sì ṣì máa pààrọ̀ omi bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.