Bẹ́ ẹ ṣe máa yọ kùkùté dongoyárò nínú kọ́ńpáùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kubwa, Lugbe títí dé Kàdúná, tẹ́ ẹ bá gé dongoyárò tán iṣẹ́ ò tíì parí o, torí igi yẹn máa ń rúwé padà látara kùkùté.

Ìgbà òjò ló dáa jù. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ á ti le gan-an, ẹ da omi sí i dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kẹ́ ẹ tó wa nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí páìpù omi àti sókàwéè gbà. Ẹ wá fi dígà àti ṣọ́bìrì wa ilẹ̀ yí i ká títí gbòǹgbò á fi yọjú, kẹ́ ẹ máa fi àáké gé wọn níkọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ kúrò ná, kó má ba ẹnu àáké jẹ́. Èyí tó lọ sísàlẹ̀ tààrà yẹn gan-an ni wàhálà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń gé igi fi nǹkan bíi mítà kan sílẹ̀ lókè, ẹ ó so okùn mọ́ ọn, ẹ ó máa fà á síwá sẹ́yìn títí tó máa mì, ẹ wá gé ìsàlẹ̀.

Tó bá sún mọ́ fẹ́ǹsì, ẹ má wa á rárá, ẹ gé e mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa já ọ̀mùnú ẹ̀ dànù nígbàkígbà tó bá yọ, á kú bó pẹ́ bó yá. Àwọn kan ní kéèyàn finá sun ún, nínú ọyẹ́ tátẹ́gùn ń fẹ́ yìí? Èmi ò gbà o.

Ẹ dí ihò yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, tójò bá rọ̀ á rì, ẹ tún fi iyẹ̀pẹ̀ kún un.