Ìwé Ìsinmi: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Fi Owó Yín Ṣòfò

Bí Kérésìmesì bá ti ń kan ilẹ̀kùn, tàbí tí Iléyá bá ti wọlé dé tán, àwọn tí wọn ò yà sí ṣọ́ọ̀bù ìwé látèṣí á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé. Gbogbo wọn ló ń kánjú. Ọkọ̀ ń dúró dè wọ́n, aago ń dún nínú àpò wọn, wọ́n á ní kí n ṣáà fún àwọn ní ìwé tó dáa kan. Ìwé tó dáa! Ó jọ ẹni tó wọ ilé oògùn, tó ní kí wọ́n ṣáà fún òun ní oògùn tó dáa, láìsọ ibi tó ń dun òun.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta ìwé ní Ìbàdàn yìí. Owó tí mo ti rí tí àwọn èèyàn ná sórí ìwé tí wọn ò ní kà kọjá ojú ìwé kẹwàá, bí wọ́n bá kó o jọ, á kọ́lé. Òótọ́ ni pé àpò mi ni owó náà ń wọ̀, kò yẹ kí ẹnu mi gùn tó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ìwé tí kò dùn mọ́ ọn kì í padà wá ra òmíràn. Á kàn máa sọ kiri pé ìwé kíkà kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ òun, nígbà tó jẹ́ pé ìwé tó rà ni kò bá a mu. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọkàn mi fúyẹ́.

Èkíní, ẹ̀ ń ra ìwé fún ẹni tí ẹ fẹ́ kí aráyé rò pé ẹ jẹ́. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ìwé láti oṣù Kíní á wá ní ìwé ojú ìwé 600 nípa ọrọ̀ ajé ni òun fẹ́ gbé lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìgbà wo lẹ fẹ́ kà á? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjọ́ ìsinmi bó ṣe máa ń rí gan-an. Láàárọ̀, ẹ ó kí àwọn àgbà láti ojúlé dé ojúlé. Lọ́sàn-án, àlejò á ti kún pálọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ìgbéyàwó wà, ìsọmọlórúkọ wà, tàbí òkú àgbà kan tí wọ́n sún ayẹyẹ rẹ̀ sí ìgbà ọdún kí gbogbo ọmọ lè wà nílé. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ìwé ni ìdájí kí ilé tó jí, ìgbà tí gbogbo ilé bá jẹun ọ̀sán tán tí oorun gbé wọn lọ, àti ìgbà tí ọkọ̀ bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn. Ìwé tí orí rẹ̀ kúrú ni irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà, tí ẹ lè pa dé kí ẹ lọ dá àlejò lóhùn, kí ẹ sì padà wá láìgbàgbé ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ìtàn Sẹ̀gilọlá bá wà nílẹ̀, òun ni mo máa ń mú fún àwọn tó bá ní àwọn ò ráyè. Inú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ló ti kọ́kọ́ jáde ní 1929 sí 1930: bíi lẹ́tà ni wọ́n kọ ọ́, tí obìnrin kan tó ti gbáfẹ́ yí Èkó po nígbà èwe rẹ̀, tí àìsàn wá dá wó, ń kọ sí olóòtú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, díẹ̀díẹ̀ náà ni kí ẹ máa kà á. Ẹ ka lẹ́tà kan, ẹ pa á dé, ẹ lọ jẹun.

Èkejì, ìwé bí a ṣe ń di olówó kì í ṣe ìwé ìsinmi. Iṣẹ́ ni. Ẹ fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ràn Fágúnwà. Ẹni tó bá fẹ́ bú u níwájú mi, kó kọ́kọ́ san owó ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ka Yorùbá mọ́ láti ìgbà tó ti jáde iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó wá jí lọ́jọ́ kan tó ní èdè baba òun ti ń bọ́ mọ́ òun lẹ́nu, ìwé wo ló máa ń bèèrè? Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Àfi òun. Bí mo bá ní ká fi nǹkan mìíràn ṣíwájú ná, wọ́n á wò mí bí ẹni tó ń fojú kéré wọn.

Bọ̀dá kan dé láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀n lọ́dún kan. Ó ní òun á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé, òun sì fẹ́ ka ìtàn àròsọ Fágúnwà máràrùn-ún tán kí òun tó padà. Máràrùn-ún! Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹyọ kan ná, ká wò ó bó ṣe máa rí." Ó ní òun kì í fi nǹkan ṣe ààbọ̀. Mo dì wọ́n sínú ọ̀rá, mo gbowó mi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, oníbàárà mi tòótọ́, ló wá sọ fún mi lẹ́yìn ọdún pé wọ́n to máràrùn-ún lé ara wọn ni, wọ́n gbé fáànù kà á lórí, kí atẹ́gùn lè dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Orí bọ̀dá yẹn pé. Ó kàn fi ẹsẹ̀ òsì wọlé ni. 1938 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ Ògbójú Ọdẹ tó fi bẹ̀rẹ̀ jáde. Gbólóhùn Fágúnwà gùn. Ó lè to ọ̀rọ̀ tó fara jọra tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ láti fi sọ nǹkan kan ṣoṣo, etí sì ni adùn rẹ̀ wà fún ju ojú lọ. Ẹni tó ṣì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè gbọ́ ìró yẹn. Kí ó tó dé ìparí gbólóhùn, ó ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ ẹ̀dà tó wà nínú àpótí baba àgbà ló gbé, ó di wàhálà mìíràn, nítorí àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Á bá "aiye", á bá "enia", á bá "nwọn", á bá "ẹiyẹ". Èyí tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé lẹ́yìn àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1974 kò rí bẹ́ẹ̀, ni èèyàn á bá máa rò pé òun ni kò mọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó ń yin ìwé náà kì í sọ fún yín. Iwin àti ẹbọra nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Bí àwọn ọdẹ bá jàjà dé Òkè Láńgbòdó, Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n tó ń gbé ibẹ̀, á mú wọn jókòó, á sì fi ọjọ́ méje kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìwà. Ẹni tó sá fún ìwàásù ní ìlú, ìwàásù ló máa pàdé lórí òkè. Mo gbádùn rẹ̀ o, àgbà ti ń dé sí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìwé nítorí ìjà kò retí ìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé Fágúnwà ni dandan, ẹ má dá jókòó kà á sínú. Ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, kí ẹ pe àwọn ọmọ jọ, kí ẹni tí Yorùbá dùn lẹ́nu rẹ̀ jù kà á sókè. Ìjà Àkàrà-Oògùn, ọdẹ inú Ògbójú Ọdẹ, pẹ̀lú iwin tó ń jẹ́ Àgbákò tó jẹ fún alẹ́ kan. Ẹ ó rí i pé gbólóhùn tó gùn jàn-ànràn lójú ìwé kò gùn mọ́ lẹ́nu.

Kí wá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ mú Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó jáde ní 1974. Àjàní ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó ń wá ìyàwó, ó há sáàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, ọ̀ràn di rúgúdù. Yorùbá tí ẹ̀ ń sọ lórí fóònù lójoojúmọ́ ni àwọn náà ń sọ. Àwọn kan á ní àwọn ti wo fíìmù rẹ̀ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1997. Ó tún dáa bẹ́ẹ̀: ojú àwọn èèyàn inú ìtàn ti wà lọ́kàn yín, kíkà á á yá. Oníbàárà mi kan ń kà á nídìí ààrò lọ́jọ́ tó ku ọ̀la ọdún, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí jóná. Ìyá ọkọ rẹ̀ bínú, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà bá jókòó tì í.

Bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò bá wù yín, Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí wà, ti 1969. Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, Tàfá Ìgíripá tó ń tẹ̀ lé e kiri, àwọn ọ̀daràn níwájú wọn. Àgbàlagbà Akàn, ti 1971, ló tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé èèpo ẹ̀yìn ọ̀kan wù ú ju ti èkejì.

Ìwé ojú títì ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń na owó jáde láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ní Bẹ́gà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Mi ò bínú sí ọmọ tó ń kiri, ó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Àwọn tó ń tẹ ayédèrú fún un ni mò ń bínú sí. Ẹ wo èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣì. Ẹ gbé e sójú oòrùn, ẹ ó máa rí lẹ́tà ẹ̀yìn láti iwájú. Èyí tó burú jù ni ojú ìwé tó máa ń já. Ọ̀pọ̀ ìgbà, takàdá ńlá kan tí wọ́n ṣẹ́ po ló máa ń di ojú ìwé 16, nítorí náà bí adìwé bá gbàgbé ìdì kan, kì í ṣe ojú ìwé kan tàbí méjì ló máa lọ. Ọmọkùnrin kan gbé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá bá mi, ojú ìwé 96 ló ti fò bọ́ sí 113. Ibi tí wọ́n ti mú apààyàn gan-an ló já! Ó bẹ̀ mí títí, mo sọ ẹni tó pa á fún un. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti fẹ́ ka ìwé, ẹ ó kà á títí WhatsApp fi máa dún. Ìyẹn náà tó.

Ti àwọn ọmọ tún kù. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò tán, ẹ wá ra ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn fún un pé kó fi sinmi. Kí ni ọmọ yẹn ṣe yín? Ìyá kan bá mi jiyàn lórí èyí títí, ó ní ìtàn Ìjàpá kò lè mú ọmọ òun wọ yunifásítì. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó di ìwé aláwòrán kan mú mọ́ àyà, kò sọ̀rọ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ra méjèèjì." Ó ra ti ìdánwò nìkan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn, kódà bí ẹ bá rò pé ó ti dàgbà ju èyí tó mú lọ.

Ẹ sì máa ṣí ìwé wò kí ẹ tó rà á. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ń fi èékánná dán iṣu wò, tó ń gbóòórùn ẹja kó tó sanwó, ẹ̀yìn ìwé nìkan ló máa ń wò. Ẹ ka ojú ìwé kìíní lórí ìdúró. Ẹ tún ka ọ̀kan láàárín, nítorí àwọn òǹkọ̀wé kan wà tó jẹ́ pé ojú ìwé kìíní ni wọ́n lo gbogbo agbára wọn sí. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti ṣí sí òdìkejì láìmọ̀, ẹ gbé e. Mi ò gba owó fún ìdúró. Kí ẹ má ṣáà fi itọ́ ṣí i. Bó bá sì jẹ́ ìwé tójú ń tini láti kà lójú ọ̀gbà ló dùn mọ́ yín, ta ni yóò mú yín? Èmi tí mò ń pariwo yìí, ìwé oúnjẹ sísè ni mo máa ń kà bí ọdún bá dé, àwọn ará ilé mi sì mọ̀ pé ẹyin bíbọ̀ lásán máa ń ṣòro fún mi.

Ìwé méjì tó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n má jọra. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ kò dára fún ilé tí iná ibẹ̀ kò dúró. Èyí tí ẹ ò bá fẹ́ kó sọnù, ẹ má gbé e dé ilé ẹbí rárá, àbúrò kan á yá a, ó di gbére.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀n, ẹ má fi kílò 23 yín ru ìwé wálé. Ìgbà tí ẹ bá ń padà lọ ni kí ẹ fàyè sílẹ̀ fún ìwé Yorùbá, torí pé ọ̀hún ni kò ti rọrùn láti rí.

Ẹni tó bá sì tún gbé ìwé padà wá fún mi ní oṣù Kíní, tó ní kò dùn, kí n bá òun pààrọ̀ rẹ̀, tí epo ọbẹ̀ sì wà lójú ìwé kejì, tí ìyókù funfun báláú, mi ò gbà á.