Bí A Ṣe Ń Kọ Aládùúgbò Tí Ó Jẹ́ Àwòkọ́ṣe fún Ọmọdé Nínú Ìtàn

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi aládùúgbò ṣe àwòkọ́ṣe fún ọmọdé nínú ìtàn, iṣẹ́ ọwọ́ aládùúgbò náà ni kí ó kọ́kọ́ wá, nítorí pé ara iṣẹ́ ni ọmọdé ti ń rí ìwà.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ìtàn náà kalẹ̀ sí Ṣágámù ní Rẹ́mọ, ìlú tí a mọ̀ mọ́ òwò obì. Ìyá ọmọ náà ń ta obì. Obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn ń ṣe gààrí Ìjẹ̀bú, Ìyá Onígààrí sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Mo yan gààrí nítorí pé ó ní sùúrù tí ojú lè rí: wọn yóò bó ẹ̀gẹ́, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò rin ín, wọn yóò dì í sínú àpò, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó lè kan dáadáa, kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yan án títí yóò fi gbẹ táútáú.

Ní ọjọ́ kejì tí gààrí wà nínú àpò, oníbàárà kan dé láti Èkó, ó kó owó sílẹ̀, ó ní kí wọ́n yan án bẹ́ẹ̀. Ìyá Onígààrí dáhùn pé, “Kò tíì kan. Ẹ padà wá ní ọ̀túnla.” Ọmọ náà wà lẹ́bàá ògiri, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí Ìyá Onígààrí yíjú sí i láti ṣàlàyé ohun tí ó ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn púpọ̀ ti ń bàjẹ́: àgbà a di oníwàásù, ọmọdé tí ó ń ka ìwé náà a sì pa á dé.

Ọmọ náà gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, kí ó máa pe aládùúgbò náà ní Màmá, kí ó sì máa sọ pé “ẹ” fún un. Ó tún dára kí Màmá ní orúkọ tí òun nìkan fi ń pe ọmọ náà, nítorí pé ìyá tí ó bí i kò níláti wá ìdí kankan kí ó tó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni òdìkejì títì ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn án ni.

Ẹ fún Màmá ní àléébù pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ pé ó máa ń pariwo mọ́ ajigbèsè lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ọmọ náà rí i lọ́jọ́ kan tí omi sì lé ròrò sí i lójú. Ẹ má ṣe wá àwáwí fún un. Ọmọ tí ó rí àléébù ẹni tí ó sì tún padà lọ bá a bó ẹ̀gẹ́, mo gbà pé ìfẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ẹni tí kò rí nǹkan kan lọ.

Níkẹyìn, ẹ gbé ohun tí ọmọ náà kọ́ lọ sídìí iṣẹ́ mìíràn. Ìyá rẹ̀ ní kí ó to obì tí ó dán sókè apẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà rí i pé kòkòrò ti jẹ àwọn tí ó wà nísàlẹ̀, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà ń kánjú lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe dárúkọ Ìyá Onígààrí níbẹ̀ rárá. Ẹ kàn jẹ́ kí ọmọ náà wí pé, “Ẹ dúró díẹ̀, mà. Mi ò tíì ṣà á tán.”