Bí a ṣe ń fẹjọ́ ọmọ ogun àjèjì sùn

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ wádìí nǹkan mẹ́ta: ọmọ orílẹ̀-èdè wo ni ọmọ ogun náà, orí ilẹ̀ ta ló ti ṣẹlẹ̀, ọdún wo sì ni. Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé, ICC, tó wà ní The Hague kì í fọwọ́ kan ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2002. Tí orílẹ̀-èdè tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ICC, kò dìgbà tí ìlú àwọn ọmọ ogun náà bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Bí ìwádìí Afghanistan tí ilé ẹjọ́ náà fàṣẹ sí lọ́dún 2020 ṣe kan àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Àṣẹ yàtọ̀ sí ìgbẹ́jọ́ o: lọ́dún 2021, Karim Khan tó jẹ́ olùpẹjọ́ àgbà ní Taliban àti Islamic State lòun máa gbájú mọ́, ti Amẹ́ríkà bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ sí ICC. Tí ìlú ọmọ ogun náà bá ń ṣèwádìí tòótọ́, ICC á fà sẹ́yìn. Ọlọ́pàá ológun ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọn ò tilẹ̀ fèsì, ìdákẹ́ wọn á wúlò láti fi han ICC pé wọn ò ṣèwádìí.

Ẹ̀rí ló máa ń bàjẹ́ jù, WhatsApp ló sì sábà ń bà á jẹ́. Fọ́tò tó bá gba ibẹ̀ kọjá á fún pọ̀, àkọsílẹ̀ àkókò àti ibi tí wọ́n ti yà á á sì pa rẹ́. Ẹ fi wáyà kó fáìlì gangan látinú fóònù tó yà á sórí fíláàṣì méjì, kí wọ́n wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi SHA-256, ìyẹn ìṣirò kan tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lórí fáìlì, ṣírò nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ da àmì 64 náà kọ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ohun tó kéré jù nínú fáìlì náà padà, nọ́ńbà yẹn ò ní bá a mu mọ́.

Ẹ má ṣa ìkarahun ọta. Ẹ kọ́kọ́ yà á láti òkèèrè kí àyíká lè hàn, lẹ́yìn náà kí ẹ sún mọ́ ọn, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmì ara aṣọ àti nọ́ńbà ọkọ̀ ló ń fi ẹgbẹ́ ọmọ ogun hàn.

Lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí, ẹ gba orúkọ, ibi tí a ti lè rí i, àti ohun tó fojú rí ní ṣókí. Ẹ má bi í tán. Ẹni tó bá rò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa yí padà díẹ̀díẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni lọ́yà olùjẹ́jọ́ ń wá. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ àfi tó bá gbà.

OTPLink, ojú ewé tí ICC fi ń gba ẹ̀rí lórí ìkànnì wọn, lẹ máa gbà fi ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gba lọ́yà. Ẹ má wáá ju fíláàṣì nù lẹ́yìn náà: ẹ̀sùn ogun kì í gbó níbẹ̀, wọ́n lè béèrè fáìlì gangan lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.