Bí Ẹ Ṣe Lè Ya Fíìmù Apanilẹ́rìn-ín Nípa Káńpù Ọlidé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fíìmù ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńbí, ọlidé gígùn ti dé, àwọn iléèwé ti ṣófo. Ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé tí igi máńgòrò bá pọ̀ lọ́gbà rẹ̀, kẹ́ ẹ tọrọ ọgbà náà, ibẹ̀ lẹ máa fi ṣe káńpù. Káńpù àwọn ọmọ, ibi tí wọ́n ń kó wọn jọ sí lásìkò ọlidé, dùn ún fi ṣeré, torí gbogbo èèyàn ló há mọ́ ojú kan: tíṣà, alásè, gáàdì, ọmọ tí wọ́n fipá mú wá.

Ohun tó ń ba irú eré yìí jẹ́ ni kí òṣèré kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ so wọ́n pọ̀. Kí ohun tí ẹnì kan ń wá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Alásè ń wá orógùn. Ọmọkùnrin kan ti gbé e, ó fi ń ṣe gìtá, ó ń kọrin fún ọmọbìnrin kan. Fóònù tí tíṣà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọmọbìnrin yẹn ń rò ní tiẹ̀. Tíṣà ń wá kọ́kọ́rọ́ géètì lọ́wọ́ gáàdì, gáàdì sì ti wọ ilé ìdáná, ó ń dúró de àmàlà. Bẹ́ẹ̀, láìsí orógùn, kò sí àmàlà. Ẹ rí i? Èèyàn márùn-ún, ìtàn kan.

Kí gbogbo ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wet Hot American Summer, fíìmù Amẹ́ríkà tó jáde ní 2001, ọjọ́ tó kẹ́yìn káńpù ní 1981 ló dá lé, ìdí nìyẹn tí ara fi ń kán gbogbo wọn. Ní tiyín, kí àwọn òbí máa bọ̀ wá kó ọmọ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Aṣọ kan náà ni àwọn ọmọ máa wọ̀, torí náà ẹ wá ohun tá a ó fi dá oníkálukú mọ̀ lókèèrè: fìlà, bàtà òjò, irun. Lọ́dọ̀ àwọn alárìnjò àtijọ́, ìyẹn àwọn eléré tó ń lo ìbòjú káàkiri ìlú, bí ìbòjú òyìnbó bá ti yọ, èrò ti mọ ẹni tí wọ́n ń sín jẹ.

Síìnì elérò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà láàárọ̀, lẹ́yìn táwọn ọmọ bá ti jẹun.

Òjò ńkọ́? Òjò yọ àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn lẹ́nu gan-an nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù wọn ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Tiwa tún le, torí bó bá ń lu òrùlé páànù, máìkì ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Síìnì tí kò lọ́rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi pamọ́ dè é. Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé: omi ń hó, elùbọ́ láfún wà nílẹ̀, alásè nawọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ ń táràrà lára ògiri níbi tí orógùn máa ń wà. Ó yíjú. Kí kámẹ́rà tẹ̀lé ojú rẹ̀ lọ sára àwọn ọmọ tó tò, tí wọ́n gbé abọ́ dání, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dórí gáàdì tó tò sáàárín wọn. Kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Bí àwọn òṣèré bá rẹ́rìn-ín, ẹ tún un yà.