Bí A Ṣe Ń Gbin Àgbàdo Aládùn sí Ẹ̀yìnkùlé

Bí ẹ bá kọ́kọ́ rí irúgbìn àgbàdo aládùn, ẹ lè rò pé ó ti bàjẹ́. Ó hunjọ, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Bó ṣe rí nìyẹn: ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀, ògì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tó fi ń tètè rà sínú ilẹ̀ tí omi bá dúró sí.

Ní Òṣogbo níbí, òjò oṣù Kẹta sí Kẹrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbin àgbàdo. Ẹ má bá wọn sáré. Atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo kiri. Bí ti aládùúgbò bá bà lé tiyín, eyín rẹ̀ á le, adùn á sì dín. Ẹ dúró di àárín oṣù Karùn-ún, kí tiwọn ti ta òdòdó tán kí tiyín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó ṣì rí i jẹ nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ.

Ibi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa ni kí ẹ kọ ebè sí, kí ẹ po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà mọ́ ilẹ̀ náà. Ihò kò gbọdọ̀ jìn ju oríkèé ìka kan lọ. Ẹ fi irúgbìn 2 sí ihò kan, íǹṣì 10 sí ara wọn. Kí ebè sí ebè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀.

Ìlà 4 kúkúrú ló dáa, kì í ṣe ìlà kan gbọọrọ. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo tò ó sí lọ gbọọrọ. Nígbà tí mo bó o, àlàfo ló kún inú rẹ̀, bí ẹnu ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín. Irun àgbàdo kọ̀ọ̀kan ló ní eyín tirẹ̀. Èyí tí lẹ́búlẹ́bú kò bá kàn, eyín ibẹ̀ kò ní yọ. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó nítorí adìyẹ àti ẹyẹ. Á hù láàárín ọjọ́ 4 sí 7. Ẹ ká imọ̀ náà kúrò kíá. Bó bá yọ ewé 4, ẹ fa èyí tó kéré tu nínú méjèèjì. Láti ìgbà náà, ẹ máa yẹ ọ̀mùnú rẹ̀ wò láràárọ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí èérún pákó tútù níbẹ̀, kòkòrò ajẹ̀gbàdo tó dé Nàìjíríà ní 2016 ti wọlé. Ẹ ṣà á pa, kí ẹ bu eérú díẹ̀ sínú ọ̀mùnú náà.

Bó bá ti gbọ́mọ pọ̀n, ẹ má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́. Nǹkan bí ogúnjọ́ lẹ́yìn tí irun yọ, irun náà á gbẹ. Ẹ fi èékánná tẹ eyín kan: bí omi funfun bíi wàrà bá tú jáde, ó ti tó. Ẹ gbé omi kaná kí ẹ tó lọ ya á, torí kò ju wákàtí mélòó kan lọ tí ṣúgà inú rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ògì.