Bẹ́ ẹ ṣe máa mú pátánì free-motion tó bá quilt ìrépé ankara mu

Kẹ́ ẹ tó wo pátánì kankan tẹ́ ẹ máa fi òwú rán sórí quilt yín (aṣọ ìbora alápapọ̀ tí wọ́n fi ìrépé rán), ẹ kọ́kọ́ tẹ́ àwọn búlọ́ọ̀kù yín, ìyẹn àwọn ègé tẹ́ ẹ ti fi ìrépé rán pọ̀, sílẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ wò wọ́n dáadáa. Ìrépé ankara máa ń pariwo gan-an: ẹ ti rán ẹyẹ mọ́ fáànù, ẹ tún rán fáànù mọ́ òdòdó, ibo lojú ti fẹ́ rí ìlà òwú láàárín gbogbo ìyẹn? Pátánì tó dà bí ìyẹ́ ẹyẹ tẹ́ ẹ fi gbogbo òru tò síbẹ̀, àfi ẹni tó bá yí ẹ̀yìn quilt wò ló máa mọ̀ pé ẹ ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé pátánì kan ṣoṣo tó rọrùn, tó ń rìn látetí dé etí láìka ojú ìrán sí, ló dáa jù, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ rárá.

Fún ẹni tí ò tíì ṣe free-motion rí o, ẹ máa sọ eyín maṣíìnì tó ń fa aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, ẹ wọ fúùtù darning (ẹsẹ̀ maṣíìnì tó ń jẹ́ kí aṣọ lè rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún) fún un, ẹ wá máa fọwọ́ méjèèjì darí aṣọ fúnra yín. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣe mònógírámù sọ́rùn agbádá, ohun tí wọ́n ń ṣe náà nìyẹn, àfi pé tiwọn ní férémù tó fa aṣọ le. Tẹ́ ẹ bá mọ mònógírámù, ọwọ́ yín ti mọ̀nà débì kan.

Lúùpù ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń kọ lẹ́tà e lọ láìgbé bírò sókè. Ìlà ẹ̀ ń gba orí ara wọn kọjá, torí ẹ̀ tọ́wọ́ bá yẹ̀ díẹ̀ kò hàn. Meander tẹ̀ lé e, ìlà tó ń ṣe kọ́rọkọ̀rọ láìfi ara kan ara; ó rẹwà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa ro ibi tẹ́ ẹ máa gbà jáde kẹ́ ẹ má baà há sí kọ̀rọ̀. Pátánì òkúta wẹ́wẹ́, ìyẹn àwọn òbìrìkìtì kéékèèké tó fara kan ara, ń jẹ òwú gan-an, ó sì ń jẹ́ kí aṣọ le gbandi, àyè kékeré ni kẹ́ ẹ fi sí. Ìlà gbọọrọ ni mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ rárá, búlọ́ọ̀kù ìrépé ti kún fún ìlà tó tọ́, tí tiyín bá wọ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìrán, gbogbo ayé á rí i.

Níbi tí aṣọ pulénì tàbí àdìrẹ bá wà, ibẹ̀ lẹ lè ti ṣe fáàrí díẹ̀. Ìrépé àdìrẹ Ìbàdàndùn, fún àpẹẹrẹ, ti ní àpótí àpótí lára tẹ́lẹ̀, ẹ kàn rán tẹ̀ lé etí àpótí yẹn, ó ti tó.

Ọ̀rọ̀ sáìsì wá ńkọ́? Ẹ ka ara páálí wadding yín (ohun rírọ̀ tó máa ń wà láàárín quilt), wọ́n máa ń kọ bí ìlà ṣe lè jìnnà síra tó síbẹ̀, ẹ má kọjá ẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó dọ́gba káàkiri, torí tí apá kan bá kún fọ́fọ́ tí apá kejì sì ṣófo, quilt ò ní tẹ́ sílẹ̀ dáadáa láéláé. Níbi tí ojú ìrán mẹ́rin márùn-ún ti pàdé, ó nípọn níbẹ̀, ẹ má ko pátánì kéékèèké lé e, abẹ́rẹ́ maṣíìnì sáìsì 90/14 ni kẹ́ ẹ lò.

Ti òwú, ẹ fa díẹ̀ nínú àwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lé orí quilt, èyí tó bá pòórá ni kẹ́ ẹ mú. Mo fẹ́ràn eléérú àti búráùn. Òwú funfun lórí ankara dúdú máa ń tú gbogbo àṣìṣe fó.

Ẹ fi bírò ya pátánì náà sórí bébà títí ọwọ́ fi mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ wá rán an sórí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi dánra wò, ínǹṣì 12 sí 12, aṣọ kan náà, wadding kan náà. Ẹ fọwọ́ rún un, tó bá le bíi páálí, ẹ sọ pátánì yín di ńlá sí i. Ẹ tún fọ̀ ọ́, pàápàá tí àdìrẹ bá wà níbẹ̀, torí tí aró ẹ̀ bá máa ràn mọ́ aṣọ míì, ara èyí tẹ́ ẹ fi dánra wò yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ ti rí i.